Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Orin Ọjọ́ Ajé tí Àwọn Ará Manchester Kò Gbàgbé

Nínú ìwé wa ti oṣù tó kọjá, ìlà méjì péré ni a fi mẹ́nu ba "Blue Monday", orin ijó tí ẹgbẹ́ New Order ti ìlú Manchester gbé jáde ní ọdún 1983, a sì rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán síbẹ̀. Kò tán rárá. Lẹ́tà ń wọlé láti Lọ́ńdọ̀nù, láti Manchester fúnra rẹ̀, láti Ìbàdàn àti Èkó, títí kan Amẹ́ríkà. Àwọn kan ń bínú pé a kò ka orin náà sí, àwọn mìíràn ń béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni rí nínú ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dárò rẹ̀ títí di òní. A mú márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà, a gé wọn kúrú díẹ̀, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Manchester. Nígbà tí ọ̀gá wa kan fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣe àpèjẹ fún un, àwọn òyìnbó tí wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún sì jókòó jẹ́ẹ́ sídìí oúnjẹ wọn. Bí orin yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, kí akọrin tó la ẹnu rárá, gbogbo wọn ti dìde. Ẹni tí orúnkún ń dùn láàárín wọn fi ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri. Ọ̀kan ń nu omijé. Èmi kò gbọ́ ju ìlù ẹ̀rọ lọ. Kí ni wọ́n ń gbọ́ tí èmi kò gbọ́? (Nọ́ọ̀sì kan, Manchester)

Ẹ kú iṣẹ́ ìtọ́jú, mà. Ohun tí etí yín gbọ́ náà ni etí tiwọn gbọ́, àmọ́ wọ́n mọ òkú tó wà lẹ́yìn orin náà. Joy Division ni ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin yìí ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ian Curtis ni ó ń kọrin, Bernard Sumner ń ta gìtá, Peter Hook ń ta gìtá béèsì, Stephen Morris sì ni onílù wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 1980, nígbà tí ó ku ọ̀la kí wọ́n gbéra lọ sí Amẹ́ríkà láti lọ ṣeré níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, Curtis gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọmọ ọdún 23 ni. Wọ́n ti bá ara wọn dá májẹ̀mú tẹ́lẹ̀ pé bí ẹnì kan bá kúrò láàárín àwọn, àwọn kò ní lo orúkọ ẹgbẹ́ náà mọ́, wọ́n sì mú un ṣẹ: wọ́n di New Order, nígbà tí ọdún náà sì ń lọ sópin, wọ́n mú Gillian Gilbert wọlé láti máa tẹ kíbọ́ọ̀dù. Òun ni àfẹ́sọ́nà Morris nígbà náà, ó sì padà di aya rẹ̀. Sumner, tí kò pe ara rẹ̀ ní akọrin rí, ni ó wá gba ẹnu ẹni tó kú. Ẹ tún orin náà gbọ́, kí ẹ fi ọkàn sí ohùn rẹ̀: ó ń sọ̀rọ̀ ju bí ó ṣe ń kọrin lọ, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀, bí ohùn ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn tó sì ń du kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ní èrò tèmi, ibẹ̀ ni omijé ẹni tí ẹ rí yẹn ti wá, nítorí pé àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní Manchester ní ìgbà náà rí bí ẹgbẹ́ tó ṣọ̀fọ̀ ṣe di ẹgbẹ́ tó ń mú ènìyàn jó láàárín ọdún mẹ́ta, wọn kò sì rí ẹni tó sọ fún wọn pé ọ̀fọ̀ náà ti parí.

Ọ̀rọ̀ ilé ijó náà tún wà níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1982, Factory Records, iléeṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde, sọ ilé tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ rí di ilé ijó ńlá kan tí wọ́n pè ní Haçienda, owó tí àwo New Order ń pa sì ń bá wọn gbọ́ bùkátà ilé náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, agbo máa ń dá páropáro, ilé náà fẹ̀, ó sì tutù, àwọn tó kọ́kọ́ ń lọ síbẹ̀ sì máa ń fi èyí yangàn dòní, wọ́n á ní àwọn ti wà níbẹ̀ nígbà tí kò tíì sí èrò. Ó di apá ìparí àwọn ọdún 1980 kí ènìyàn tó máa tò sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti ilé náà pa ní ọdún 1997, wọ́n wó o lulẹ̀ lẹ́yìn náà, ilé gbígbé olówó iyebíye ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí, orúkọ ilé ijó náà ni wọ́n sì fi pè é. Kí wọ́n tó wó o, wọ́n gbé ohun tó kù níbẹ̀ sí gbàǹjo ní ọdún 2000, bíríkì wà lára ohun tí àwọn ènìyàn ná owó lé. Hook ní tirẹ̀ fi pákó tí wọ́n ń jó lé lórí gbẹ́ gìtá béèsì. Láti ọdún 2016 ni ẹgbẹ́ onígòjé ńlá tí wọ́n ń pè ní Manchester Camerata ti ń bá àwọn tó ń lo àwo níbẹ̀ nígbà náà lu orin agbo Haçienda lórí gòjé àti fèrè, àwọn tí ẹ rí níbi àpèjẹ yẹn àti ẹgbẹ́ wọn ló sì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tí wọ́n bá tún dìde lọ́jọ́ mìíràn, ẹ bá wọn dìde.

Ọ̀gá Olóòtú, kíbọ́ọ̀dù ni mo ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Tí mo bá tẹ bọ́tìnì kan báyìí, ìlù ti bẹ̀rẹ̀, béèsì ti tẹ̀ lé e. Kí ló wá le nínú ohun tí àwọn yẹn ṣe tí ẹ fi ń pọ́n wọn lé? Ìbéèrè kejì: mo fi ẹ̀rọ agbétí gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ń ṣe mí bíi pé orin kíbọ́ọ̀dù yẹn kò wọlé déédéé lórí ìlù. Àbí etí mi ni? (Atẹ-kíbọ́ọ̀dù kan, Ìbàdàn)

Etí yín gún régé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti àkọ́kọ́, nítorí pé inú rẹ̀ ni èkejì wà.

Bọ́tìnì tí ẹ ń tẹ̀ lónìí kò sí ní ọdún 1982, nígbà tí wọ́n gba ohùn orin náà sílẹ̀ ní Britannia Row ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀rọ ìlù tí wọ́n lò ni DMX tí iléeṣẹ́ Oberheim ṣe, èyí tó tọ́jú ohùn ìlù gidi sínú, tí Morris sì ní láti tò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tò ìlẹ̀kẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan tí ń jẹ́ Moog Source ló ń dún béèsì. Ẹ̀rọ tó ń sọ fún kíbọ́ọ̀dù nípa ohùn tó kàn, Sumner ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é: ó ra ẹ̀yà rẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ, ó ń fi òjé lẹ̀ wọ́n pọ̀ lóru nígbà tí kò rí oorun sùn, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń tún rédíò ṣe lọ́dọ̀ wa ṣe ń jókòó ti iṣẹ́ wọn. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní MIDI, tó mú kí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ kan lè bá ti iléeṣẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀, kò tíì dé ọjà. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń sọ èdè tirẹ̀, àwọn mẹ́rin yìí sì ń ṣe ògbufọ̀ láàárín wọn.

Wàyí o, iṣẹ́ Gilbert ni kí ó tẹ ohùn orin kíbọ́ọ̀dù náà wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn kan lẹ́yìn èkejì. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, ó ń fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé mọ́ ìwé títí tí ó fi gùn tó yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn, ó ní ó dà bí àwòṣe ńlá tí àwọn tó ń fi òwú hun súwẹ́tà ń tẹ̀ lé. Níbi tó ti ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó fo ohùn kan. Ẹyọ kan ṣoṣo. Ìyẹn ló mú kí orin náà yẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí ìlù, tí ó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ọmọ tí kò lè bá ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ dọ́gba lójú ọ̀nà. Wọ́n gbọ́ ọ, ó dùn mọ́ wọn, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí etí yín gbọ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ òde òní ìbá ti tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, orin náà ìbá sì ti gún régé, òkìkí rẹ̀ ìbá ti kú láàárín oṣù mẹ́fà. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bá mi jiyàn lórí èyí.

Ẹ tún gbọ́ ìlù tó ṣí orin náà. Ó lù lẹ́ẹ̀kan, ó tún lù lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ni ó rọ̀ wìì bí òjò tó bá páànù òrùlé, kò sì sí ohun mìíràn pẹ̀lú rẹ̀. Onílù ènìyàn kò lè fi ẹsẹ̀ kan tẹ ìlù ilẹ̀ yára báyẹn títí lọ láìjẹ́ pé ó rẹ̀ ẹ́. Ìyá ìlù tiwa náà máa ń dá dún kí omele tó tẹ̀ lé e, nítorí náà ohun tó mú àwọn ènìyàn yẹn dìde níbi àpèjẹ kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé nígbà tí Morris tò ó tán ní àkọ́kọ́, ẹnì kan fi ẹsẹ̀ kọ okùn iná, gbogbo rẹ̀ sì parẹ́, tí wọ́n fi tún un tò láti inú ìrántí. Ẹni tó kọ okùn náà ń yí padà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń sọ ìtàn.

Wọn kò sì fi ibi tí wọ́n ti yá nǹkan pamọ́. Wọ́n dárúkọ Donna Summer àti Sylvester, akọrin dísíkò méjì láti Amẹ́ríkà, wọ́n dárúkọ àwo kan tí Klein + M.B.O. ṣe ní Ítálì, wọ́n sì ní orin sinimá tí Ennio Morricone kọ ló wà lọ́kàn Hook nígbà tó ń ta béèsì tirẹ̀. Ohùn tó dà bí ti ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó ń rá kọjá láàárín orin, inú àwo ẹgbẹ́ olórin Kraftwerk ti Jámánì, èyí tó jáde ní ọdún 1975, ni wọ́n ti gbà á, wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń jẹ́ Emulator, tó ń gba ohùn sílẹ̀ kí a lè tẹ̀ ẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù, gbé e. Ẹ fi orí jì mí, ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n Gilbert fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ pé ìsó ni Sumner àti Morris fi ọ̀pọ̀ wákàtí gbà sínú ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó mọ bí a ṣe ń lò ó.

Ẹ óò béèrè ìdí tí wọ́n fi ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn Sumner pani lẹ́rìn-ín. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn kì í padà sórí ìtàgé tí eré bá ti parí, inú sì máa ń bí àwọn òǹwòran, àwọn wá rò pé àwọn á ṣe orin kan tí ẹ̀rọ á máa dá kọ, kí àwọn kàn tẹ bọ́tìnì, kí àwọn máa lọ sílé. Bọ́tìnì tí ẹ fi ń bu orin wọn kù, òun gan-an ni wọ́n ń wá.

Ṣé òótọ́ ni pé gbogbo ẹ̀dà tí wọ́n tà ni wọ́n fi jẹ gbèsè? Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ mi, mo sì sọ fún un pé kò sí oníṣòwò tí orí rẹ̀ pé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. (Oníṣòwò kan, Balógun, Èkó)

Orí àwọn Factory pé ní ìlànà tiwọn, bàbá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlànà Balógun. Peter Saville, ẹni tó ń ya àpò àwo fún wọn, lọ bẹ àwọn olórin náà wò níbi iṣẹ́, ó rí fulọ́pì dísìkì, ohun tí wọ́n ń tọ́jú ohùn sí tí wọ́n sì ń kì bọ inú ẹ̀rọ Emulator tí mo mẹ́nu bà lókè, ó dúdú, ó pẹlẹbẹ, ó ní ojú ihò lára. Kò rí irú rẹ̀ rí, ó sì wù ú. Àpò tó ṣe jẹ́ àwòrán nǹkan náà gan-an: páálí dúdú tí ẹ̀rọ gé ihò sí lára, tí àpò inú aláwọ̀ fàdákà ń yọjú láti inú ihò náà. Kò kọ orúkọ orin sí i, kò kọ orúkọ ẹgbẹ́. Ìlà àwọ̀ kan ló tò sí etí rẹ̀ láti òkè délẹ̀, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì dúró fún lẹ́tà tàbí nọ́ńbà. Ibi tí a ti lè rí ìtumọ̀ àwọ̀ wọ̀nyí ni ẹ̀yìn àpò àwo ńlá wọn tó jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 1983, bẹ́ẹ̀ sì ni oṣù Kẹta ni orin yìí ti dé ọjà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù méjì tí àwọn ènìyàn fi ń ra ohun tí wọn kò lè ka orúkọ rẹ̀ lára àpò.

Iṣẹ́ gígé àti àwọ̀ yìí ló gbówó lórí. Tony Wilson tó jẹ́ ọ̀gá Factory àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà máa ń sọ pé owó àpò ju èrè lọ, àwọn sì ń pàdánù kọ́bọ̀ díẹ̀ lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ẹnu wọn kò kò lórí iye rẹ̀. Èmi gbà pé àdánù wà lórí àwọn ẹ̀dà àkọ́kọ́, nítorí pé wọn kò retí kí ó tà rárá. N kò gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ títí dé òpin, torí pé nígbà tí ọjà gbóná, wọ́n pààrọ̀ àpò náà sí èyí tí kò ní ihò. Orin náà sì tà: òun ni àwo oní-ínṣì 12 tó tà jù lọ nínú ìtàn Ìlú Ọba, ó lé ní mílíọ̀nù kan níbẹ̀ nìkan. Síbẹ̀ wọn kò gba àwo góòlù, nítorí pé Factory kọ̀ láti wọ ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ àwo tó ń fún ni ní irú rẹ̀. Ní ọdún 1992 Factory wọ gbèsè, ó sì kógbá sílé. Ẹ wò ó, ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 1983 tí àwo yìí jáde, Ọjọ́ Ajé ló bọ́ sí, Ọjọ́ Ajé náà sì ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ajé kò bá wọn wọlé.

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un, nítorí pé ó bá ọ̀rọ̀ ọjà mu. Nígbà tí wọ́n pè wọ́n sórí tẹlifíṣọ̀n, sí ètò Top of the Pops, ní oṣù Kẹta yẹn kan náà, ohun tí ọ̀pọ̀ olórin ń ṣe níbẹ̀ ni kí wọ́n máa la ẹnu nígbà tí àwo ń dún lẹ́yìn wọn. New Order ní rárá, àwọn á lù ú ní tòótọ́. Àwọn ẹ̀rọ náà kò gbọ́ràn, ohùn Sumner rẹlẹ̀, ó burú. Orin tí wọ́n bá ti ṣe níbẹ̀ sábà máa ń gòkè lórí àtẹ lọ́sẹ̀ kejì, tiwọn wálẹ̀. Ipò 12 ni ó kọ́kọ́ dé, ó di oṣù Kẹwàá kó tó padà gun ipò 9, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ Ìlú Ọba ti gbọ́ ọ ní ibi ìsinmi wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Èyí tí mo mọ̀ jẹ́ ti ọdún 1988, a sì jó o dáadáa ní yunifásítì. Ọ̀rẹ́ mi ní ayédèrú ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Àti pé, ṣé wọ́n ṣì wà papọ̀? (Òǹkàwé kan, Houston)

Kì í ṣe ayédèrú. Quincy Jones, tí iléeṣẹ́ rẹ̀ ń tà wọ́n ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó tún un tò ní ọdún yẹn, ó sì dé ipò 3 ní Ìlú Ọba. Ó dára fún ijó, ṣùgbọ́n wọ́n kó ọ̀ṣọ́ jù sí i lára. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Ní ti ẹgbẹ́ náà, Hook kúrò ní ọdún 2007, wọ́n bára wọn ṣẹjọ́, wọ́n sì yanjú rẹ̀ ní ọdún 2017. Ó ń fi ẹgbẹ́ tirẹ̀ kọ orin wọn, àwọn yòókù ń kọ ọ́ lọ́tọ̀, àwọn olólùfẹ́ wọn sì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì.

Olóòtú wa, mo fẹ́ ìmọ̀ràn. Bàbá mi, tó jẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1980, fi àwo púpọ̀ sílẹ̀ nígbà tó kú, ti Jùjú ló pọ̀ jù. Àárín wọn ni mo ti rí àwo yìí. Ó dùn mí pé àpò rẹ̀ ti bàjẹ́: wọ́n ti gé àárín rẹ̀ róbótó, wọ́n tún gé ibòmíràn. Ìyá mi ní èmi ni, pé mo máa ń fi sáàsì gé ohun gbogbo nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n sì nà mí nítorí rẹ̀. Ṣé mo lè fi páálí dúdú dí i? Àwo náà sì ń fò níbì kan. (Òǹkàwé kan, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ má dí i o! Ẹ sọ fún màmá pé wọ́n jẹ yín ní gbèsè ẹ̀bẹ̀. Ihò yẹn ni iṣẹ́ Saville, ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni ó sì ní in. Ẹ fi ìka tọ́ etí rẹ̀: tí ó bá mọ́ láìsí fọ́nrán páálí kankan tó ń yọ, ẹ̀rọ ló gé e. Ẹ wò ó bóyá àpò fàdákà ṣì wà nínú rẹ̀, nítorí pé òun ló sábà máa ń sọnù.

Ní ti fífò, ẹ má gbé owó ẹyọ lé orí apá ẹ̀rọ àwo kí ó lè tẹ abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má fi ọṣẹ nù ún. Ẹ bu omi mímọ́ tí a sè tí a gba oru rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń ta fún bátìrì, ẹ fi aṣọ tí kì í tú òwú nù ún yí po ní ìtọ́sọ́nà ojú ìlà rẹ̀, kí ẹ yẹra fún páálí àárín. Bí ó bá ṣì ń fò, ẹ yí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ àwo yín padà. Kí ẹ sì tó dá a lẹ́bi pé orin kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ yẹ̀ lórí ìlù, ẹ padà ka ìdáhùn tí mo fún ará Ìbàdàn lókè.